Etí ẹ̀rọ tó ń wá ẹja: bí mo ṣe rí Sensitivity tó yẹ lórí ọ̀sà Lẹ́kkí

Ọwọ́ oníṣòwò tòkunbọ̀ kan ni mo ti ra ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 5, ó lè ké sínú omi ní ohùn méjì, 200 kHz àti 83 kHz, a nájà títí ó fi gba ₦145,000. Bàbá Ìdáyàt, tí wọ́n ni ọkọ̀ tí a jọ ń gbé jáde láti Ẹ̀pẹ́, wò ó, wọ́n ní kí ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ sọ fún àwọn tí ọ̀pá ọkọ̀ àwọn kò tíì sọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lórí omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọjọ́ mẹ́fà náà tàn ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú omi tí a wà, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀sà Lẹ́kkí kò jìn. Ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó mítà 3, ibi tó jìn jù lọ jẹ́ mítà 6.4. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tó ń tú sínú rẹ̀, omi rẹ̀ kò níyọ̀ bí ti ọ̀sà Èkó, ẹrẹ̀ sì pọ̀ nísàlẹ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ń sọ̀rọ̀ omi tó jìn ní mítà 20 àti mítà 30. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé yẹn níbí, ojú ẹ̀rọ rẹ̀ á kún fún ìdọ̀tí ni.

Ọkọ̀ wa: pákó, ó gùn ju mítà 7 lọ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì 15 HP, bátìrì 12V kan tó ń gbé iná àti pọ́ǹpù tó ń fa omi inú ọkọ̀ jáde.

Sensitivity tí mò ń sọ, etí ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ á ké sínú omi, á dúró gbọ́ ohun tó bá padà wá. Bí etí rẹ̀ bá di jù, kò ní gbọ́ ẹja. Bí ó bá mú jù, á gbọ́ ewé, èérí, ìfófó omi àti edé wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì di ẹja lójú rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹja inú ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ kìíní, ní èbúté, a ò tíì tú okùn ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ti sọ pé omi abẹ́ wa jìn ní mítà 18. Omi tí mo dúró sí kò bo orúnkún mi. Ẹja ńlá ńlá ń tò kọjá lójú ẹ̀rọ bí ẹni ń lọ síbi ìnáwó. Mo ní etí rẹ̀ ti mú jù nìyẹn. Mo yí Sensitivity wálẹ̀: 90%, 70%, 40%. Ẹja kò dín ẹyọ kan.

Ó tó ìṣẹ́jú 40 tí mo fi ń yí i. Ọmọkùnrin tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ló na ìka sí igun òkè, ó ní, “Bùọ̀dá, kí ni wọ́n kọ síbí?” Simulator ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àṣehàn tí wọ́n fi ń tajà ni mo ń wò láti àárọ̀. Tráńsídúsà, ìyẹn orí tó yẹ kó wọ omi, ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀ mi.

Bàbá Ìdáyàt rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Injiníà.

Ìpele 2: Góòmù tí mo fi ṣòfò

Ẹnì kan tó ń lo ọkọ̀ fáíbà ti sọ fún mi pé inú ọkọ̀ ni òun lẹ tráńsídúsà òun mọ́, pé ohùn á gba ara fáíbà kọjá sínú omi. Òótọ́ ló sọ, nípa ọkọ̀ tirẹ̀. Mo ra góòmù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, ₦4,500, mo fi sáǹdípépà nu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wa nínú, mo lẹ tráńsídúsà mọ́ pákó, mo jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24.

Nígbà tí a dé orí omi, ibi tí ó yẹ kí ẹ̀rọ kọ jíjìn omi sí, ìlà kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀. Mo gbé Sensitivity lọ sí 100%. Òkùnkùn biribiri ló bo ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ilẹ̀. Pákó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, ohùn tó bá sì kan afẹ́fẹ́ kò lọ síwájú mọ́, ẹ̀yìn ló ń padà. Kò sí Sensitivity tó lè wo ìyẹn sàn.

Síṣẹ́ẹ̀lì ni mo fi hú u. Ó ha ojú tráńsídúsà. Mo fi sáǹdípépà 600 àti omi rọra ha á títí ó fi dán padà, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìpele 3: Páìpù àti kíláǹpù

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Páìpù irin íǹṣì 1, mo gé e sí mítà 1.2. Mo so tráńsídúsà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi kíláǹpù di òkè rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní apá ẹ̀yìn ṣùgbọ́n kì í ṣe nítòsí abẹ ẹ́ńjìnnì. Páìpù àti kíláǹpù jẹ́ ₦14,000. Àǹfààní rẹ̀ ni pé mi ò lu ọkọ̀ Bàbá Ìdáyàt ní ihò kankan, bí a bá sì ti fẹ́ dé ibi tí koríko omi pọ̀, a kàn máa tú u ni.

Sẹ̀ǹtímítà 10 ni mo kọ́kọ́ rì í sí. Bí ọkọ̀ bá dúró, ó dára. Bí a bá ti ń lọ, ìfófó omi á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀ á máa já. Ní sẹ̀ǹtímítà 30, kò já mọ́, bí a kò bá ti sáré. Mo gbé lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà lé e kí ojú rẹ̀ lè kọjú sílẹ̀ gbọọrọ. Mo sì fi omi ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, nítorí ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn máa ń jẹ́ kí ìfófó lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí n má bàa tún gba irọ́ gbọ́, mo so òjé mọ́ okùn, mo fi kókó sàmì sí okùn náà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 50. Okùn ní omi jẹ́ mítà 2.4. Ẹ̀rọ ní 2.1. Sẹ̀ǹtímítà 30 tó fi dín, òun gan-an ni mo rì tráńsídúsà sí. Mo wọ inú àtòjọ ètò ẹ̀rọ, mo fi 0.3 kún un, wọ́n bára mu. Ibì kan wà nínú ètò náà tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá omi iyọ̀ ni tàbí omi lásán. Mo yan omi lásán, mo sì kọjá lọ, nítorí nínú omi mítà 3, ìyàtọ̀ méjèèjì kò tó sẹ̀ǹtímítà 10.

Ìpele 4: Òjò tí kì í ṣe òjò

Ìpele yìí ló jẹ mí ní ọjọ́ jù lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀rọ á kún fún àmì tótòtó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú omi. Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe: mo yí Sensitivity wálẹ̀ títí òjò náà fi dá. 35% ló dá. Mo ní iṣẹ́ ti parí. A fi odidi ọjọ́ kan pẹja pẹ̀lú 35%, ẹ̀rọ kò sì fi nǹkan kan hàn yàtọ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀ tó tín-ín-rín. Bàbá Ìdáyàt ní, “Injiníà, ẹ̀rọ rẹ ti sùn lọ.”

Wọn ò parọ́. Mo ti di etí ẹ̀rọ kí ó má baà gbọ́ ariwo, kò sì wá gbọ́ ẹja náà.

Ọjọ́ kejì mo dá ọkọ̀ dúró, mo pa gbogbo nǹkan, mo gbé Sensitivity sí 60%, mo wá ń tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì kú, pọ́ǹpù kú: ojú ẹ̀rọ mọ́ kedere. Mo tan pọ́ǹpù nìkan: òjò ńlá. Mo pa pọ́ǹpù, mo tan ẹ́ńjìnnì: òjò wẹ́wẹ́. Pọ́ǹpù ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀, mo sì ti ń bá ẹ́ńjìnnì jà láti ọjọ́ yìí wá. Mo fi ẹ̀rọ tí rìwáyà fi ń wọn iná wo bátìrì náà: bí pọ́ǹpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, 12.5V á já sí 10.6V kó tó padà.

Àtúnṣe tí mo ṣe nìyí:

Mo ra bátìrì ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń wá ẹja, 12V 7Ah, irú èyí tó wà nínú UPS, ₦22,000. Ẹ̀rọ náà ń jẹ 0.38A bí iná ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ pátápátá. Nítorí pé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé bí a bá ń fà á kọjá ìdajì, mo ka 3.5Ah, ìyẹn wákàtí 9. Ó tó fún ìjáde kan. Mo fi fíùsì 3A sí ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù. Fíùsì, ilé rẹ̀ àti wáyà jẹ́ ₦5,500. Òjò pọ́ǹpù dá lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ti ẹ́ńjìnnì. Wáyà tráńsídúsà gùn ju ohun tí mo nílò lọ, mo ti ká èyí tó kù ní òrùka kékeré, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ti mú pílíà lọ́wọ́ láti gé e kù. Ọpẹ́lọpẹ́ rìwáyà tí mo pè lórí fóònù, ó ní ẹni tó bá gé wáyà yẹn ti ra ẹ̀rọ mìíràn. Mo gbé e kúrò lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, mo mú un gba ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ọkọ̀, mo tẹ́ èyí tó kù gbọọrọ dípò kí n ká a. Mo tún ra irin dúdú roboto méjì, irú èyí tó máa ń wú lára wáyà kọ̀ǹpútà, ₦3,000, mo gbá ọ̀kan mọ́ wáyà iná, ọ̀kan mọ́ ti tráńsídúsà. Ṣé irin yìí ló ṣe é tàbí wáyà tí mo gbé kúrò? Ọjọ́ kan náà ni mo ṣe méjèèjì, àṣìṣe nìyẹn náà. Ohun tí mo rí ni pé òjò wẹ́wẹ́ náà ku ẹyọ díẹ̀díẹ̀.

Mo gbé Noise Filter, ìyẹn asẹ́ ariwo inú ẹ̀rọ, sí Low, ẹyọ díẹ̀ náà lọ. Ẹ má gbé e sí High. Mo dán an wò, ó ń pa ohun kékeré gidi mọ́ ariwo.

Ìpele 5: Etí gan-an

Ọjọ́ kẹrin lórí omi ni mo tó fọwọ́ kan Sensitivity fún iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo pa Fish ID, ìyẹn àwòrán ẹja kéékèèké. Nínú omi wa, ewé tó ń rì, ẹja ni. Mo yọ jíjìn kúrò ní Auto, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yan fúnra rẹ̀, mo fi sí mítà 0 sí 6, nítorí Auto ń fo láti 3 sí 6 sí 12 bí ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ. Mo lo 200 kHz nìkan. Ìran rẹ̀ dà bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, igun 20°. Ní mítà 3, ibi tó ń rí nísàlẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1 ó lé díẹ̀. 83 kHz ń rí tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá tí àwọn apẹja ti rì mọ́lẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ọ̀pá mọ́.

Mo nílò ohun kan nínú omi tí mo mọ ibi tó wà. Òjé mi náà ni, gíráàmù 200, lórí okùn. Mo sọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, mítà 1.5 sísàlẹ̀. Mo yí Sensitivity lọ, mo yí i bọ̀. Òjé kò hàn. Ìdajì wákàtí kọjá kí n tó ṣírò rẹ̀: ní mítà 1.5, ibi tí ẹ̀rọ ń rí fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 53 péré, ọkọ̀ wa sì fẹ̀ ju mítà 1 lọ. Ìta ìran rẹ̀ ni òjé mi ń jó. Mo mú okùn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù gan-an, ó hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìlà kan tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí mo ṣe ń fà á.

Ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì kú, omi mítà 3, ìsàlẹ̀ yanrìn pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé rèé:

30%: ìsàlẹ̀ nìkan.
40%: òjé ń hàn, ó ń pòórá.
50%: òjé hàn kedere, ààrin omi mọ́.
60%: òjé nípọn, àmì wẹ́wẹ́ díẹ̀ láàárín omi.
70%: àmì wẹ́wẹ́ pọ̀.
80%: mítà 1 òkè ti kún.
90%: mi ò rí òjé mọ́, kì í ṣe pé kò sí, àwọn ará ibẹ̀ ló pọ̀.

Auto ń yan ohun tó dà bí 80%. Mo mú 60%. Mo fẹ́ kí àmì wẹ́wẹ́ díẹ̀ wà. Bí ààrin omi bá mọ́ jù, ẹ̀rù máa ń bà mí pé etí ti di.

Surface Clarity ni mo kàn lẹ́yìn ìyẹn. Òun ló ń nu ìdọ̀tí ojú omi. Ní Medium, mo fa òjé dé sẹ̀ǹtímítà 80, ó parẹ́. Nínú omi mítà 2, ẹni tó bá pa mítà 1 òkè rẹ́ ti pa ìdajì omi rẹ́. Mo fi í sí Low.

Ọgbọ́n kan wà tí mo ti gbọ́ ṣáájú: gbé Sensitivity sókè títí ìsàlẹ̀ kejì yóò fi yọ ní ìlọ́po méjì jíjìn omi, kí o wá fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ohùn tó lọ kan ìsàlẹ̀, tó padà kan ojú omi, tó tún lọ kan ìsàlẹ̀ ni ìsàlẹ̀ kejì yẹn. Mo dán an wò lórí yanrìn tó le, omi mítà 2.5: ní 72%, ìlà kejì yọ ní mítà 5. Ó dára. Mo lọ sórí ẹrẹ̀, kò yọ ní 72%, kò yọ ní 80%, ní 90% ojú ẹ̀rọ ti dàrú, kò sì yọ. Ẹrẹ̀ ń gbé ohùn mì. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti máa pẹja ni kí ẹ ti yí i, kì í ṣe èbúté tó ní yanrìn. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ ni pé mo ti lè mọ yanrìn yàtọ̀ sí ẹrẹ̀ láìti ọ̀pá bọ omi: yanrìn ní ìlà tó nípọn tó sì mọ́lẹ̀, ti ẹrẹ̀ ṣe bàìbàì.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, 55%. Lẹ́yìn òjò ńlá, tí omi bá gbé ìdọ̀tí wá láti òkè, 50%. Àwọn iye yìí jẹ́ ti ẹ̀rọ mi lórí omi wa; 60% lórí ẹ̀rọ mìíràn lè jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Òjé àti okùn ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi.

Ìpele 6: Ẹja ńkọ́?

Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà. Ọbọ̀kún ni Bàbá Ìdáyàt ń wá, ọbọ̀kún sì fẹ́ràn ìsàlẹ̀. Ẹja tó bá sùn mọ́ ẹrẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ohùn ilẹ̀ jọ ń padà ni, ẹ̀rọ kò lè yà wọ́n. Epìyà ní tirẹ̀ wà lẹ́bàá koríko níbi tí omi kò ti tó mítà 1, níbi tí mo ti gbọ́dọ̀ fa páìpù sókè. Ká sọ òótọ́, ẹja tí ẹ̀rọ fi hàn mí gbangba ní ọjọ́ méjèèjì kò ju ọ̀wọ́ mẹ́ta lọ, láàárín omi, mi ò sì mọ irú ẹja tí wọ́n jẹ́.

Ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀ hàn mí. Ìsàlẹ̀ ń lọ ní mítà 2.2 pẹrẹsẹ, lójijì ó rì sí mítà 4.1 láàárín ibi tí kò tó mítà 15, ìlà rẹ̀ sì yí láti bàìbàì sí dídán. Mo ní kí a sọ ìwọ̀ sí etí ibẹ̀. Bàbá Ìdáyàt ti ọ̀pá bọ omi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo igi tó wà létí omi lókèèrè, wọ́n ní, “Ibi tí bàbá mi máa ń sọ̀kò òkúta ọkọ̀ sí nìyí.” Wọ́n ò tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà tí koríko omi ti bo ọ̀nà rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọbọ̀kún 11 ló wà lórí ìwọ̀, èyí tó tóbi jù gùn tó apá mi dé ìgbọ̀nwọ́. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rọ ló pa wọ́n.

Owó tó lọ: ẹ̀rọ ₦145,000, góòmù tó ṣòfò ₦4,500, páìpù àti kíláǹpù ₦14,000, bátìrì ₦22,000, fíùsì àti wáyà ₦5,500, irin dúdú ₦3,000, epo ọjọ́ mẹ́fà, lítà 36, ₦34,200. Gbogbo rẹ̀ ₦228,200.

Kíláǹpù ti ń dípẹtà níbi tí ó ti kan omi, mo fi gíríìsì pa á fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Ìdáyàt ti gbé òjé àti okùn mi lọ sílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ lò ó.